Standup wa ti di ìṣẹ́jú 50, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ bá mi dá sí i

OmoTanke:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù méjì, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí jù mí lọ pọ̀ níbí.

Àwa méje là ń kọ ápù kan fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ìyá tó ń tajà l'Ọ́jà-Ọba lè máa fi fóònù ẹ̀ wo iye tó ti dá àti iye tó kù nínú ẹ̀yáwó ẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí tíìmù. Àwa márùn-ún la wà ní ọ́fíìsì ní Tankẹ, n'Ílọrin, ẹnì kan ń ṣe tiẹ̀ láti Ọ̀fà, ẹnì kan wà ní Toronto. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la máa ń ṣe standup, ìyẹn ìpàdé kúkúrú tí tíìmù máa ń ṣe lórí ìdúró lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú 15 la jọ fàdéhùn sí nígbà tá a bẹ̀rẹ̀. Mo wá wo aago lọ́jọ́ Àtàláátà tó kọjá, ìṣẹ́jú 50 gbáko! Ẹsẹ̀ ti ń ro wá, àwọn kan ti fìdí lé tábìlì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já ẹni tó wà l'Ọ́fà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ti Toronto ní tiẹ̀, aago mẹ́rin òru ni lọ́dọ̀ ẹ̀, oorun wà lójú ẹ̀ gan-an bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Bó ṣe máa ń rí rèé, kálukú á dìde, á kọjú sí mi bí ọmọ kéwú tó gbé wàláà síwájú álífáà, á ní "lánàá mo ṣe ticket báyìí, lónìí màá máa bá a lọ, kò sí ìdíwọ́." Ó tán, ó kan ẹlòmíì. (Ticket ni à ń pe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tá a kọ sórí bọ́ọ̀dù iṣẹ́ wa.) Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì dárúkọ bug báyìí, ìyẹn àṣìṣe nínú code tá a kọ, ẹni méjì á bọ́ sórí ẹ̀, wọ́n á máa fa ọ̀rọ̀ code lọ fà á bọ̀, àwa yòókù á dúró máa wò wọ́n lẹ́nu.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Ọmọbìnrin kan nínú wa fi ọjọ́ mẹ́rin sọ pé "mo ṣì wà lórí ticket ẹ̀yáwó, kò sí ìdíwọ́." Ọjọ́ karùn-ún ló tó hàn pé password ibi tá a ti ń dán ọ̀rọ̀ báǹkì wò ni ò ní, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ bọ̀bọ́ tó jókòó ní àga kejì sí i ni password yẹn wà. Ọjọ́ mẹ́rin! Àwọn méjèèjì jọ máa ń lọ jẹ àmàlà lọ́sàn-án o. Àràárọ̀ la sì ń dúró lórí ẹsẹ̀ tá a ń béèrè ìdíwọ́.

Ọ̀gá wa náà ti ń wá jókòó tì wá báyìí, gbogbo ohun tí wọ́n máa ń béèrè ò ju "ìgbà wo ló máa parí?" lọ. Ṣé kí n fagi lé e ni, àbí kí n máa gba ₦500 lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

AgbaFate:

Àbúrò, o kú làálàá. Má fagi lé e o, ẹni tí ẹ̀ ń ṣe é fún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún wò. Ìwé Scrum Guide tí Ken Schwaber àti Jeff Sutherland kọ, ìyẹn ìwé ìlànà Scrum táwọn tíìmù fi ń ṣètò iṣẹ́, ò sọ pé kí èèyàn wá jíṣẹ́ fún olórí. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an ló ni ìṣẹ́jú 15 náà, kí wọ́n fi wò ó bóyá ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ ṣì máa gbé wọn dé ibi tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dé kí sprint, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tí wọ́n dá fún iṣẹ́ náà, tó parí, tí kò bá ní gbé wọn débẹ̀, kí wọ́n yí ètò iṣẹ́ ọjọ́ yẹn padà lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta tẹ́ ẹ̀ ń kà yẹn, mo ṣe báyìí lánàá, màá ṣe báyìí lónìí, báyìí ló ń dí mi lọ́wọ́, kò sí nínú ìwé yẹn mọ́ láti 2020. Tó bá wúlò fún yín ẹ lò ó, àmọ́ kì í ṣe dandan.

Ti ọ̀gá yín, jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Mo ti ṣiṣẹ́ níbì kan rí tí mánéjà máa ń jókòó ti standup tòun ti ìwé àti báírò. Mo sọ lọ́jọ́ kan pé apá ibi tí owó ti ń jáde nínú code yẹn ò yé mi tó, mo fẹ́ kí ẹnì kan bá mi jókòó tì í. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ó kan ọ̀rọ̀ àfikún owó oṣù, ọ̀gá yìí ṣí ìwé yẹn, wọ́n ka ọ̀rọ̀ mi jáde fún mi tòun ti déètì, wọ́n ní ṣé ẹni tí iṣẹ́ ò yé ló ń béèrè owó. Láti ọjọ́ náà títí mo fi kúrò níbẹ̀, "kò sí ìdíwọ́" ni mò ń sọ, kódà lọ́jọ́ tí orí mi bá ń gbóná. Torí náà má bínú sí ọmọbìnrin yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rù ló bà á láti sọ níwájú ọ̀gá pé òun ò ní password.

Lọ bá ọ̀gá yín ní kọ̀rọ̀, má ṣe é lójú àwọn èèyàn. Sọ fún wọn pé bọ́ọ̀dù wà ní ṣíṣí fún wọn nígbàkígbà, wàá sì máa kọ ìlà márùn-ún ránṣẹ́ sí wọn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n wá yọ̀ǹda ìṣẹ́jú 15 yẹn fún àwọn ọmọ. Ìwọ náà, má dúró síwájú mọ́. Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹnì kan bá kọjú sí ẹ, bọ́ọ̀dù ni kó o máa wò, òun náà á wá ẹlòmíì tó máa bá sọ ọ́.

₦500 yẹn, má gbà á rárá. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ há sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Tankẹ Junction ò lè torí ₦500 fò kọjá, ìbínú ló máa bá wọlé.

OmoAhunso:

Ẹ̀gbọ́n AgbaFate ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Kí n fi ti ilé wa kún un.

Ilé ahunṣọ òfì ni wọ́n bí mi sí ní Ìlọrin níbí. Bí iṣẹ́ ìgbéyàwó bá wọlé, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń pín in hun, kálukú nídìí òfì tiẹ̀, àmọ́ aṣọ kan náà ni, wọ́n ṣì máa rán an pọ̀. Bàbá wa kì í bi ẹnikẹ́ni láàárọ̀ pé kí lo ṣe lánàá. Aṣọ ni wọ́n máa ń ní ká nà. Wọ́n á tẹ́ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ, tó bá débi tí ọnà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á ní "tìrẹ ti fi ìka kan ṣíwájú." Kò sí ariwo. Ohun tí wọ́n máa wá béèrè ni pé èwo ló kù díẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀ lórí òfì. Ọ̀rọ̀ ìyẹn la máa kọ́kọ́ sọ, tó bá jẹ́ òwú pupa ló tán, ẹni tí iṣẹ́ tiẹ̀ ṣì jìnnà á yọ̀ǹda òwú pupa ọwọ́ ẹ̀, torí aṣọ tó bá ṣì wà lórí òfì ò tíì dowó.

Bí mo ṣe ń ṣe standup wa gan-an nìyẹn. Ticket ni ká máa bi, ká yé bi èèyàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọwọ́ ọ̀tún bọ́ọ̀dù, níbi tí èyí tó sún mọ́ àtijáde wà, kẹ́ ẹ máa bọ̀ sọ́wọ́ òsì. Àwọn tó ń lo Kanban, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fi bọ́ọ̀dù tọ iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ, mọ̀ ọ́n dáadáa, walking the board ni wọ́n ń pè é. Kí ló kù kí èyí jáde? Ta ló lè tì í lẹ́yìn lónìí? Ó tán. Bí ticket kan bá dúró lójú kan, ẹ fi máákà tọ́ àmì kan sí i lójoojúmọ́ tó bá fi dúró. Ká ní ẹ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ó di ọjọ́ kẹta, àmì mẹ́ta ti wà lára ticket ẹ̀yáwó yẹn, kò sídìí fún ọmọ ọlọ́mọ láti máa ka ẹjọ́ ara ẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń fa code, ẹ fún gbogbo ènìyàn láyè láti sọ pé "ó dẹ̀yìn." Bí ẹnì kan bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sí igun bọ́ọ̀dù, tẹ́ ẹ bá parí, àwọn tó kàn á dúró, ìyókù á lọ.

TesterOmuAran:

Ẹ ṣeun ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, àmọ́ mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nítorí ẹni tó wà l'Ọ́fà yẹn, torí ilé ni èmi náà ti ń ṣiṣẹ́, ní Òmù-Àrán.

Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Àwọn ará ọ́fíìsì á kó jọ síwájú láptọ́ọ̀pù kan, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, ìró jẹnẹrétọ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Kí ohùn mi tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo wà nínú tíìmù kan rí, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti yí ohun tá a fẹ́ ṣe padà, ìdí mọ́tò ni wọ́n ti sọ ọ́ lẹ́yìn standup, ẹnikẹ́ni ò rántí kọ ọ́. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan yẹ ohun tí wọ́n ti pa tì wò. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. OmoTanke, bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti wà níta, kí gbogbo yín wọlé pẹ̀lú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín, kálukú pẹ̀lú íápíìsì tiẹ̀, bó ti wù kí ẹ jókòó pọ̀ tó.

Ta ló sì ní àárọ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́? Àkókò kan náà lójoojúmọ́ iṣẹ́, níbì kan náà, ohun tí Scrum Guide sọ nìyẹn. Aago mẹ́ta ọ̀sán tiwa, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ní Toronto báyìí, tí wọ́n bá yí aago wọn padà nígbà òtútù á di mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn sùn.

Kí n kúkú sọ ọ́ tán, tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló wà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ la máa sọ̀rọ̀, ọjọ́ méjì tó kù ká kọ ọ́ sórí gúrúùpù. Ọjọ́ tí iná ò bá sí, kíkọ ló máa ń gbà wá. Àti pé, kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò lórí ohun tí "ó ti parí" túmọ̀ sí. Lẹ́nu ẹni tó kọ code, ó ti parí. Lọ́dọ̀ èmi tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò tíì fojú kàn án.

AgbaFate:

Àǹtí Tester, mo gbà pẹ̀lú yín lórí íápíìsì àti aago. Lórí kíkọ, mi ò gbà tán. "Kò sí ìdíwọ́" rọrùn láti tẹ̀ ju láti sọ lẹ́nu lọ. Nínú ohùn èèyàn lo ti máa gbọ́ pé nǹkan ti há. Kíkọ dáa fún ọjọ́ tí iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣe tiẹ̀, èmi ò ní sọ ọ́ di ètò.

OmoTanke:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Tester, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá ní kọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fajú ro, wọ́n ní ṣé a fẹ́ máa fi nǹkan pa mọ́ fún àwọn ni. Mo ṣí bọ́ọ̀dù han wọ́n lórí fóònù wọn, mo ní kí wọ́n fún mi lóṣù kan péré. Wọ́n gbà. Aago mẹ́ta la ń ṣe é báyìí, gbogbo wa ti kírun Àílà, ọjọ́ Jímọ̀ náà kò dí wa lọ́wọ́ mọ́ torí àwọn tó lọ mọ́sáláṣí á ti dé.

Ọjọ́ kìíní tí mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Bí ìṣẹ́jú kan odindi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo gé ètè mi jẹ. Ẹni tó wà l'Ọ́fà ló kọ́kọ́ lanu, ó ní "èyí tó wà lápá ọ̀tún pátápátá yẹn, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?" Mi ò tíì gbóhùn ẹ̀ dáadáa bẹ́ẹ̀ rí láti oṣù mẹ́fà, íápíìsì yẹn ṣiṣẹ́ gan-an. Àwọn ọjọ́ kan a máa ń lo ìṣẹ́jú 12, ọjọ́ kan ṣì wà tá a lo 31, torí èmi fúnra mi ló gbàgbé sọ pé "ó dẹ̀yìn." Kíkọ la ṣe lọ́jọ́ méjì tí iná lọ, mo sì rí ohun tí ẹ̀gbọ́n AgbaFate wí, ẹni mẹ́rin ló tẹ "kò sí ìdíwọ́."

Lọ́jọ́ Àlàrùbá, ticket risíìtì ti ní àmì mẹ́ta lára, ọmọbìnrin tí mo sọ níjọ́sí ló ni ín. A ò tíì dé orí ẹ̀ tó fi ní "ẹ dákun, risíìtì yìí ti há mọ́ mi lọ́wọ́, nọ́ńbà náírà ń jáde lẹ́ẹ̀mejì, mi ò mọ ìdí ẹ̀." Bọ̀bọ́ àga kejì ní "ó dẹ̀yìn, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ." Kó tó di aago mẹ́fà, ó ti jáde.