Kí ni switch ń yí padà tí a fi ń pè é ní «ìyípadà»?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá lánàá pé kí á máa pe switch nẹ́tíwọ̀kì, ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ kí wọ́n lè ránṣẹ́ síra wọn, ní «ìyípadà», kí á sì pe ọ̀pọ̀ rẹ̀ tí a so mọ́ra ní «ìṣùpọ̀ ìyípadà». Ó dùn mí. Ẹ̀rọ yìí kò yí ohunkóhun padà. Ó ń wo àdírẹ́sì MAC, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ tí a ránṣẹ́ sí, tó wà lára iṣẹ́ tí a rán an, á sì jẹ́ ẹ fún ẹni tó ni ín. Àfi bí kò bá tíì mọ onítọ̀hún ni yóò kéde káàkiri. Hub àtijọ́, ẹ̀rọ tí a ń lò fún irú iṣẹ́ yìí ṣáájú switch, ni gbogbo ìgbà rẹ̀ jẹ́ ìkéde. Ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́, «a-» ló tọ́ kó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀: ajíṣẹ́, bíi ti ajíhìnrere. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òjíṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́sìn.

«Ìṣùpọ̀» gan-an ló bí mi nínú. Ohun tí a bá ṣù pọ̀ ti di òkìtì kan. Catalyst 3750, irú switch kan ti ilé-iṣẹ́ Cisco tí mo fi kọ́ṣẹ́, 9 ló lè para pọ̀, okùn ẹ̀yìn wọn á yí po bí òrùka. Àdírẹ́sì IP kan, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń rí ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ̀kì, la fi ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, síbẹ̀ kálukú ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Wọ́n tún ní olórí: èyí tí a fún ní nọ́ńbà ipò tó ga jù, láti 1 dé 15, ni í jẹ ẹ́. Bí gbogbo nǹkan bá dọ́gba délẹ̀, èyí tí MAC rẹ̀ kéré jù ni. Bí a bá sì so òmíràn tó ga jù ú lọ mọ́ wọn nígbà tí iná rẹ̀ ṣì wà ní pípa, tí a wá tàn án, kò lè gba oyè lọ́wọ́ ẹni tó ti jẹ.

Àgbájọ nìyẹn! Ṣebí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ìka kankan kò sì sọnù nínú rẹ̀. Kì í ṣe «ìgbájọ» o. Ìkójọ ni iṣẹ́ tí à ń ṣe, àkójọ ni ohun tí a ti kó jọ. Ìyá àgbà tó tọ́ mi kò kàwé, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá fi «ì» sí ibi tí «à» wà, wọ́n á dá ohun tí wọ́n ń ṣe dúró, wọ́n á ní kó tún un sọ.

Ẹni tó ní èmi kì í ṣe olùkọ́ èdè kò parọ́, wáyà ni mo ń so. Àwa tí à ń so ó náà la óò máa pe orúkọ yìí lójoojúmọ́.

Ti àbúrò wa ará Èkìtì tó ní «ù-», bí àwọn Èkìtì ṣe ń pe «ì-», ló yẹ kó ṣíwájú orúkọ náà, mi ò tíì gbà. Kó kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń pe àgbájọ nílé wọn.