Àjẹsára kọ́ ni ọmọ náà kò ní

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú ara tí kò lè bá kòkòrò àrùn jà. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn ní kí á máa pe àìsàn náà ní "àìní-àjẹsára àbímọ́ni". Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n kò lè fara mọ́ "àjẹsára" yẹn. Ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, èmi ni mo máa ń túmọ̀ Faransé dókítà fún àwọn ìyá. Tí mo bá wí fún ìyá kan pé ọmọ rẹ̀ kò ní àjẹsára, ohun tó máa gbọ́ ni pé ọmọ náà kò tíì gba abẹ́rẹ́. Yóò yọ káàdì nínú ọ̀rá, yóò ká aṣọ ọmọ sókè: "Ó ti gbà á o, ẹ wo àpá rẹ̀ ní apá." Bí kò bá sì tíì gbà á, yóò sáré gbé e lọ. Ewu rẹ̀ nìyẹn. Kòkòrò ààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Lára ọmọ tára rẹ̀ pé, egbò kékeré ni, yóò jinná, yóò di àpá. Lára ọmọ tí àìsàn yìí bá le fún, kòkòrò náà lè ràn ká gbogbo ara, ó sì lè pa á.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ohun tí a jẹ sára, ìta ló ti wá. Èyí tí ọmọ yìí ṣaláìní, inú ara rẹ̀ ló yẹ kó ti wá.

"Sójà ara" sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ éèdì ti gbà á: "kòkòrò apa sójà ara". Ìyá tó bá gbọ́ ọ, ọkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fura sí.

Èmi dábàá "àìpé ẹ̀ṣọ́ ara àbímọ́ni". Mo yan "àìpé" dípò "àìsí" nítorí pé àìsàn náà kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 8 tí dókítà Bruton kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1952, èròjà kan péré tó ń bá kòkòrò àrùn jà, gamma globulin, ni kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, abẹ́rẹ́ èròjà yẹn sì ràn án lọ́wọ́. Ti àwọn mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó béèrè pé kí ló dé tí a ó fi pè é ní àbímọ́ni nígbà tí ara ọmọ dá ṣáṣá lóṣù mélòó kan àkọ́kọ́: ààbò tí ìyá fún un nínú oyún ló ṣì ń lò. Tó bá ti tán, ikọ́ àti etí tó ń ṣọyún á bẹ̀rẹ̀.

Bàbá wa ní Sábẹ̀ẹ́ ní àbíkú làwọn àgbà ń pè é. Ó yé mi. Nínú irú rẹ̀ kan, ìyá lè gbé e sára láìṣàìsàn, kó jẹ́ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ló ń mú, wọ́n á sì máa kú tẹ̀léra wọn. Ṣùgbọ́n àbíkú sọ pé ọmọ ló fẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ọmọ yìí kò fẹ́ lọ. Láti 1968 ni wọ́n ti ń fi mùdùnmúdùn inú eegun ẹlòmíràn wo irú wọn sàn.

Mo ti lo "ẹ̀ṣọ́ ara" fún ìyá kan. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bí ìgbà tí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, bá wà, tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó na káàdì ọmọ sí mi: "Abẹ́rẹ́ wo wá ni kí n dá dúró?"