Ìpolongo nìkan kọ́ ni tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àbá tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Oǹdó, pé kí a máa fi "ìpolongo orí tẹlifíṣọ̀n" pe gbogbo ètò tó bá ti jẹ mọ́ àwọn olùdíje sípò ààrẹ, torí ó rọrùn, tọmọdé tàgbà ló sì mọ̀ ọ́n. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn rárá.

Ẹni tó ń polongo ló ni ìpolongo. Olùdíje àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pe èrò jọ, tí wọ́n ń sọ èyí tí wọ́n fẹ́ ká gbọ́. Oníròyìn tó gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé wọn kò polongo nǹkan kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wò ó bóyá ohun tí wọ́n sọ fún wa ní Àkúrẹ́ bá èyí tí wọ́n sọ ní Kánò mu. Bí a bá fún iṣẹ́ méjèèjì lórúkọ kan ṣoṣo, a ti sọ oníròyìn di ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2019. Wọ́n pe olùdíje márùn-ún pé kí wọ́n wá kojú ara wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Àbújá. Fela Durotoye, Oby Ezekwesili àti Kingsley Moghalu dúró, wọ́n dáhùn ìbéèrè. Buhari kò yọjú. Atiku dé ibẹ̀, ó rí i pé Buhari kò wá, ló bá padà. Báwo la ṣe máa fi ọ̀rọ̀ tí ẹ dábàá sọ èyí? Ṣé ká ní Buhari kò bá wọn dá sí ìpolongo orí tẹlifíṣọ̀n? Irọ́ ni, nítorí gbogbo àsìkò yẹn la ń rí òun àti Atiku lórí tẹlifíṣọ̀n níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wọn. Àríyànjiyàn ni wọn ò ṣe.

Òfin pàápàá kò bá àbá yín lọ. Òfin Ìdìbò tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022 ní kí ìpolongo bẹ̀rẹ̀ ní 150 ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ ìbò, kó sì dáwọ́ dúró ní wákàtí 24 ṣáájú ọjọ́ náà. Bí ìròyìn náà bá ti di ìpolongo, a jẹ́ pé oníròyìn gbọ́dọ̀ panu mọ́ ní ọjọ́ tó ku ọ̀la nìyẹn.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà "àríyànjiyàn" ń rùn bí ìjà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àròkọ alárìíyànjiyàn làwọn ọmọ wa ń kọ nílé ìwé. Nígbà tí Abíọ́lá àti Tofa kojú ara wọn lórí NTA lọ́dún 1993, ṣé ẹnikẹ́ni fa aṣọ ya ni?

Èyí tí olùdíje bá fowó rà, ìpolówó ni kó máa jẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti sọ pé àbùkù ni fún ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ. N kò rí àbùkù níbẹ̀. Owó ló san, ó sì yẹ kí ẹni tó ń wò ó ní Arákàlẹ̀, ní Àkúrẹ́, mọ̀ pé owó ló san. Kámpéènì ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀, mi ò bá wọn jà, àmọ́ àwọn náà mọ ìyàtọ̀.

Iṣẹ́ oníròyìn gan-an ló ṣòro jù láti fún lórúkọ. Ẹni tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ló kọ́kọ́ wò. Èmi náà wo iṣẹ́ oníròyìn, mo sì dábàá "ìtọpasẹ̀ ìpolongo": ó ń tẹ̀ lé wọn, ó ń wo ibi tí wọ́n tẹ̀, kì í ṣe òun ló ń rin ìrìn àjò náà.

Ọ̀kan ṣì kù tí n kò rí orúkọ fún: fọ́nrán tí àwọn ènìyàn olùdíje fúnra wọn yà, tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá gbé sáàárín ìròyìn láìgba kọ́bọ̀. Kì í ṣe ìpolówó, kì í sì í ṣe ìtọpasẹ̀. Kí lẹ máa pè é, Ẹ̀gbọ́n?