Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kọ́ ni ìmọ̀ọ́lò kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ sọ pé “ìmọ̀ kọ̀ǹpútà” ti tó láti pe ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́, àti pé “ìdánwò” ti tó fún bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ èyí àkọ́kọ́ rárá: ó yẹ kí “ìmọ̀ọ́lò kọ̀ǹpútà”, ìyẹn mímọ̀ ọ́n lò, dá dúró lọ́tọ̀.

Ní kíláàsì mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ kan gba 9 nínú 10 nínú ìdánwò orí ìwé. Ó to ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà lẹ́sẹẹsẹ, ó tilẹ̀ ya máọ̀sì pẹ̀lú bọ́tìnnì rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí mo ní kí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ kí ó ṣí fáìlì kan, ó gbé máọ̀sì náà sókè kúrò lórí tábìlì, ó na án sí ojú ẹ̀rọ bí ẹni ń na rìmóòtù sí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà mọ kọ̀ǹpútà, kò mọ̀ ọ́n lò.

Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tí ó mọ ìlù lè sọ fún ọ pé gúdúgúdú nìyí, ìyáàlù nìyẹn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lù ni a ó pè sóde. “Mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà” tí gbogbo wa ń lò, inú “mọ̀ ọ́n kọ, mọ̀ ọ́n kà” ni ó ti jáde, àbúrò rẹ̀ sì ni “ìmọ̀ọ́lò”. Àwọn kan yóò ní ó jọ “mọ̀ọ́mọ̀” létí. Ó jọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlò yóò yà wọ́n.

Ní ti “ìdánwò”, n kò fẹ́ kí a jù ú nù, nítorí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń bá àwa olùkọ́ wí: kí a dán nǹkan wò. Ọ̀gá aránṣọ kì í bi ọmọṣẹ́ léèrè orúkọ ẹ̀yà máṣíìnì kí ó tó jẹ́ kí ó ṣe fíríídọ̀mù. Aṣọ ni yóò gbé lé e lọ́wọ́ pé kí ó rán. “Ìgbéléwọ̀n”, ìyẹn wíwọn gbogbo iṣẹ́ ọmọ pọ̀, ni kí a fi sílẹ̀ fún àròpọ̀ sáà, nígbà tí a bá kó máàkì orí ìwé àti ti ìdí ẹ̀rọ pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Láti ọdún 2015 tí àjọ JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò UTME, ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, lọ sórí kọ̀ǹpútà, ọmọ tí ó mọ kẹ́mísírì dunjú lè pàdánù máàkì nítorí máọ̀sì. JAMB fúnra rẹ̀ fàyè gba lílo bọ́tìnnì mẹ́jọ péré, A, B, C, D, N, P, S àti R, kí ọmọ lè ṣe é parí láìfọwọ́ kan máọ̀sì.

Nínú ìwé èsì sáà yìí, ìlà méjì ni mo fà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ọ́lò kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí mo wí yẹn gba 9 ní ìlà òkè, ó gba 2 ní ti ìsàlẹ̀. Kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun ni bàbá rẹ̀ ti bi mí pé ọjọ́ mélòó ni àwọn ọmọ ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà láàárín ọ̀sẹ̀.