Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ tí à ń rán nílé-ìwé ò gbé fóònù wa mọ́

Ìyá Tẹ̀mi, Akúrẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò ti rí oorun sùn. Àwa mẹ́jọ la fẹnu kò pé a máa ran ọmọbìnrin ogunléndé kan lọ́wọ́ ní yunifásítì, ₦10,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Òkìrìkà ni mo ń tà l'Ọ́jà Ọba, ẹ mọ bí ọjà ṣe rí. Ìgbà mìíràn wà tí mo san tiẹ̀ kí n tó san ti Tẹ̀mi. Èmi ni mo fún un ní bẹ́ẹ̀dì, èmi ni mo fún un ní sítóòfù. Ìpàdé tí a pè é sí ní Ìjàpọ̀, ó pẹ́ dé, ìkúnlẹ̀ kò kúnlẹ̀. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí kò gbé fóònù ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìyá onílé rẹ̀ ní Aúlè ní àárọ̀ kùtù ló ń jáde, òru ló ń wọlé. Wọ́n máa ti pọ́tà owó ilé-ìwé pa lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Àwọn méjì ti ní àwọn ò san mọ́. Ṣé ká dá a dúró ni?

Bàbá Ìjọ̀kà
Ẹ dá a dúró. Mo rán ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nílé-ìwé ní Ondo ọdún mẹ́rin gbáko. Ó ti dé Kánádà báyìí, kí ó pè mí lọ́dún Kérésì, kò lè ṣe é. Àwọn ọmọ tiwa ló ń jókòó sílé, ẹ ń rán ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé
Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó. Ọmọ ibo ni? Ọdún kelòó ló wà? Ṣé ó ní ìwé ogunléndé?

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ẹ ní kò kúnlẹ̀. Ṣé ọmọ Yorùbá ni? Ẹni tí à ń ràn lọ́wọ́ kì í ṣe ẹrú wa.

Ìyá Tẹ̀mi
Tíṣà, ẹ má pe ohun tí mi ò sọ mọ́ mi lẹ́nu. Mi ò bá a wá ìdúpẹ́, ìkíni lásán ni mo ń sọ. Ọmọ Kamẹrúùnù ni, apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló sá wọ Nàìjíríà ní 2018, Ogoja ni wọ́n gbé. Ó ní káàdì tí àjọ ìjọba tó ń rí sí ogunléndé fún un. Ọdún kejì ló wà.

Mọ́remí Ondo
Mo ṣe agùnbánirọ̀ ní Ogoja, mo dé Adagom, ibùdó àwọn ogunléndé níbẹ̀, léraléra. Ìfẹ̀hónúhàn àwọn lọ́yà àti tíṣà ní 2016 ni wàhálà wọn ti bẹ̀rẹ̀, kó tó di ìbọn. Mo rí àwọn ọmọ tó ní ìwé ẹ̀rí GCE tó dára, tí wọ́n ń fọ́ òkúta. Ìyá wa, ṣé ó ti gbìyànjú DAFI? Ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ yunifásítì fún ogunléndé ni, láti 1992 ni ìjọba Jámánì àti UNHCR, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ogunléndé, ti ń ṣe é. Kò sówó fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san nǹkan, ẹ sá fún un.

Bàbá Ìjọ̀kà
Jámánì lówó. Ìyá yìí ń ta òkìrìkà.

Mọ́remí Ondo
Bàbá, ṣé ẹ̀ ń bínú sí ọmọbìnrin yìí ni àbí sí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín?

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé
Ẹ dákun, kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn?

Ìyá Tẹ̀mi
Kò sí ìjà kankan. Alága wa gbé fọ́tò rẹ̀ sí Facebook kí àwọn èèyàn lè dá sí i. Ó kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ abúlé rẹ̀, àti àwọn tí ọmọ náà ní wọ́n pa bàbá òun. Nọ́ńbà àkáǹtì wà nísàlẹ̀. Àwa náà pín in. Ju ₦60,000 lọ ló wọlé. Ọmọ náà sunkún pé ká yọ ọ́, a ní ta ni yóò ka ti Akúrẹ́ ní Kamẹrúùnù.

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé
Háà. Ta ló ṣẹ́ kù fún un nílé?

Ìyá Tẹ̀mi
Ìyá rẹ̀. Ó ṣì wà lábúlé náà.

Mọ́remí Ondo
Ìyá wa! Ẹ yọ ọ́ nísinsìnyí, kẹ́ ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi tán. Kí gbogbo ẹni tó pín in yọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ mú un lérò pé kò sí ibi tí òun lè sá sí mọ́.

Bàbá Ìjọ̀kà
Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mi ò mọ̀ pé báyìí ló rí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó ṣàlàyé fún wọn.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ó sunkún níwájú wọn. Àlàyé wo ló tún kù?

Ìyá Tẹ̀mi
Mo ti yọ tèmi. Ẹni márùn-ún ti yọ tiwọn. Alága ní fọ́tò yẹn ló ń mú owó ilé-ìwé wọlé, òun ò ní yọ ọ́ títí di ọjọ́ Ẹtì. Mo ti gba àjọ mi lọ́wọ́ alájọ, mò ń lọ sí Aúlè nírọ̀lẹ́ yìí. Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un?

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ilé Alága ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà. Tí fọ́tò yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, kí lẹ fẹ́ sọ fún un?

Ìyá Tẹ̀mi
Mo ti yà níbẹ̀. Ó gbé fóònù fún mi kí n fọwọ́ ara mi yọ ọ́, inú ń bí i. Mo ti dé Aúlè. Ìyá onílé ní kò tíì wọlé. Ó gbé àga fún mi, mo wà lẹ́nu ọ̀nà.