Ẹ̀fẹ̀ ni, kì í ṣe àwàdà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó fẹ́ túmọ̀ B.C., àkójọ àwòrán apanilẹ́rìn-ín inú ìwé ìròyìn, iṣẹ́ Johnny Hart ará Amẹ́ríkà, dábàá pé kí á pè é ní "àwàdà ayé ìwáṣẹ̀". Mo júbà wọn, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn.

Ti ìwáṣẹ̀ kò le. Ọ̀rọ̀ Ọbàtálá àti Odùduwà ni Yorùbá ń sọ tó bá dárúkọ ìwáṣẹ̀. Àwọn tí Hart yà, tí wọ́n wọ awọ ẹran, tí wọ́n ń gbé inú ihò àpáta, kò bá ìyẹn tan. "Ìgbà òkúta" tó wọn.

"Àwàdà" gan-an ló ká mi lára. Láti 1958 títí Hart fi kú ní 2007, ẹ wo ayé tó ń yà: dáínásọ̀, ẹranko ńláńlá ayé àtijọ́, àti ènìyàn jọ ń gbé, bẹ́ẹ̀ dáínásọ̀ ti run láti nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, kí ènìyàn kankan tó wà. Wiley, akéwì ẹlẹ́sẹ̀ igi, ń kọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù baseball! Ní Ọjọ́ Àjíǹde 2001, Hart ya ọ̀pá fìtílà àwọn Júù tó ń di àgbélébùú díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ Júù sì fa ìbínú yọ. Ṣé ọ̀rọ̀ ará ìgbà òkúta nìyẹn? Amẹ́ríkà tòní ni. Aṣọ ìbora lásán ni awọ ẹran yẹn, bí ti alẹ́ ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu: ẹni tó bojú ló ń fi orin tú àṣírí ìlú, gbogbo ọjà ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí orin ń bá wí sì mọ ara rẹ̀.

Àwọn kan ní àwàdà àti ẹ̀fẹ̀ ti di ọ̀kan lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ẹ tẹ́tí sí gbólóhùn wọn ná. "Ó ń bá mi ṣàwàdà": èmi àti ẹ̀ la jọ ń ṣe é. "Ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀": orí mi ló dá lé. Ọ̀rọ̀-ìṣe "bá" àti "fi" ṣì ń ya wọ́n sọ́tọ̀, kódà lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹlẹ́yà náà gba "fi", àmọ́ ìkà pọ̀ jù nínú rẹ̀. Hart fẹ́ràn àwọn ènìyàn rẹ̀.

Nítorí náà, "àkójọ ẹ̀fẹ̀ ìgbà òkúta" ni tèmi. Kí a má sì túmọ̀ B.C. sí "ṣáájú ìbí Kristi" rárá, torí orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ará ihò náà ni.