“Ọkọ̀ ihò” kẹ̀? Poro ni, kì í ṣe ihò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò. Ẹnì kan béèrè irú páálí slot car (ọkọ̀ ìṣeré oníná tó ń tọ ojú tóóró, ìyẹn “slot”, tí wọ́n gbẹ́ sí ojú ọ̀nà rẹ̀) tó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa kó wọn jọ kọ́kọ́ rà. Ẹ̀gbọ́n wa dá a lóhùn dáadáa, àmọ́ “ọkọ̀ ihò” ni wọ́n pè é. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ o, n kò lè gba “ihò” yẹn.

Eku ló ń gbé inú ihò. Imú ní ihò, abẹ́rẹ́ ní ihò. Ti ọkọ̀ yìí gùn yí gbogbo ojú ọ̀nà ká, ó ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ó sì ní ìsàlẹ̀. Ẹ da ọkọ̀ náà dojú dé, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ níwájú: ahọ́n kékeré ló ń wọ inú rẹ̀, wáyà híhun méjì wà lọ́tùn-ún lósì, àwọn ló ń fara ra irin tí iná ń gbà. Fred Francis ló gbé Scalextric, ọ̀kan lára irú ọkọ̀ yìí, jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1957. Àwọn bàbá wa tó ń kọ ebè ti ní orúkọ fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: poro.

Ẹ sì wò ó bó ṣe wúlò fún ẹni tó fẹ́ rajà. Ìwọ̀n 1:32 ni kó mú, ìyẹn ni pé gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n ti ọkọ̀ gidi. Bí àyè ilé bá kéré, 1:43 bíi Carrera GO!!! tó o. Poro Carrera tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì jìn ju ti Scalextric lọ, nítorí náà ahọ́n ọkọ̀ Carrera lè máa ha ìsàlẹ̀ poro Scalextric. Nínú èyí tó jẹ́ dígítà, ọkọ̀ ń ti poro kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ fi “ihò” sọ ìyẹn kí n gbọ́!

Ẹnì kan ní “ọkọ poro” yóò dà bí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Àmì ohùn ńkọ́? Ẹni tí kò bá fàmì sí ọkọ̀, ọkọ ìyàwó ló kọ yẹn, kì í ṣe ẹ̀bi poro.

Ó ku ti “afàrin” tí wọ́n pe ohun abẹ́ ọkọ̀ tí kì í jẹ́ kó fò sọ nù ní kọ́nà. Òòfà ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé. Kí la tún ń wá afàrin sí?